Oògùn ọkàn, kíndìnrín àti asẹ́ ògì

Ẹni tí ọkàn àti kíndìnrín rẹ̀ jọ ń ṣàìsàn bẹ̀rẹ̀ oògùn tuntun kan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, creatinine, ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín máa ń sẹ́ dànù, tó jẹ́ 1.6 tẹ́lẹ̀ ti di 1.9. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ̀gbọ́n ti pè láti Ìbàdàn, ará ṣọ́ọ̀ṣì ti fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp: "Oògùn yẹn ń ba kíndìnrín jẹ́ o! Ẹ má lò ó mọ́." Ìfẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, òótọ́ sì ni pé iye náà lọ sókè. Ìtumọ̀ tí wọ́n fún un ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Oògùn tí ọ̀rọ̀ kàn ni sacubitril òun valsartan, méjì nínú hóró kan, tí wọ́n ń tà lórúkọ Entresto. Ọdún 2015 ni àjọ FDA ilẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún àwọn tí ọkàn wọn kò lágbára láti ti ẹ̀jẹ̀ jáde bó ṣe yẹ mọ́. Bí ọkàn ṣe ń lù àti bí ìtọ̀ ṣe ń dé àpò ìtọ̀, wọ́n ti kọ́ wa níléèwé. Ìdí tí oògùn náà fi gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì ló dùn ún sọ.

Ọkàn fúnra rẹ̀ máa ń ṣe oògùn ìtọ̀. Ní 1981, Adolfo de Bold àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà lọ ẹran ìyẹ̀wù òkè ọkàn eku, wọ́n fi omi rẹ̀ gún eku mìíràn lábẹ́rẹ́, ni eku yẹn bá bẹ̀rẹ̀ sí í tọ omi àti iyọ̀ bí ẹni tó ṣí ẹnu ẹ̀rọ. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá kún ọkàn jù, ó ń tú họ́mọ̀nù yìí sílẹ̀ kí omi ara lè fà. Ṣùgbọ́n ẹ́ńsáìmù kan wà tó ń jẹ́ neprilysin, tó ń gé họ́mọ̀nù náà wẹ́wẹ́. Sacubitril ló ń so ọwọ́ neprilysin.

Ó kù síbì kan. Neprilysin yìí kan náà ló tún ń gé angiotensin II, èyí tó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀. Bí ẹ bá so ọwọ́ ọlọ́dẹ kí àlejò rere lè wọlé, olè náà á bá a wọlé. Ibẹ̀ ni valsartan ti wúlò. Kò lé olè jáde, ilẹ̀kùn yàrá ló tì mọ́ ọn. Angiotensin II á máa rìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ láìríbi ki kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bọ̀.

Àwọn tó kọ́kọ́ gbìyànjú irú èyí gba ọ̀nà mìíràn. Oògùn wọn, omapatrilat, so neprilysin mọ́lẹ̀, ó tún so ACE, ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe angiotensin II, mọ́lẹ̀, àwọn ẹ́ńsáìmù méjèèjì sì ni wọ́n ń palẹ̀ èròjà ara kan tó ń jẹ́ bradykinin mọ́. Bradykinin wá kún ara àwọn kan, ojú, ètè àti ọ̀fun wọn wú, ó sì ṣe àwọn aláwọ̀ dúdú jù. Oògùn náà kò dé ọjà. Ìdí nìyẹn tí lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí òun náà ń so ACE mọ́lẹ̀, tó wà nínú ọ̀rá oògùn àìmọye àgbàlagbà wa, kò fi gbọ́dọ̀ pàdé Entresto nínú ara: wákàtí 36 gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn. Pẹ̀lú gbogbo rẹ̀ náà, nínú ìwádìí PARADIGM-HF, wíwú yìí mú 2.4 nínú 100 àwọn aláwọ̀ dúdú tó lo oògùn tuntun, ó mú 0.5 nínú 100 àwọn aláwọ̀ dúdú tó lo enalapril, ẹlẹgbẹ́ lisinopril. Kí dókítà tó kọ oògùn náà sórí ìwé ló yẹ kó sọ èyí.

Ó wá ku kíndìnrín. Kíndìnrín kọ̀ọ̀kan ní asẹ́ bíi mílíọ̀nù kan, tí ojú lásán kò lè rí. Iṣan kan ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ inú asẹ́, òmíràn ń gbé e jáde. Angiotensin II kì í fún méjèèjì bákan náà. Èyí tó ń jáde ló ń fún jù. Ẹ̀jẹ̀ tó ti wọlé kò rí ọ̀nà jáde kíá, ó wá ń fi agbára gba ojú asẹ́. Ohun tí ìyá ológì ń ṣe nìyẹn nígbà tó bá di ọrùn aṣọ asẹ́ mú tó ń lọ́ ọ: omi ògì á ya jáde, iṣẹ́ á yá. Àmọ́ bó bá ń lọ́ ọ bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ojú aṣọ á bẹ̀rẹ̀ sí í là, èérí á máa bá ògì jáde. Ní ti kíndìnrín, purotéènì ló ń bá ìtọ̀ jáde, ìtọ̀ á máa hó bí ọṣẹ. (Òdìkejì ara wọn ni wọ́n o: èérí tí asẹ́ ògì dá dúró, ewúrẹ́ là ń fún, èyí tí asẹ́ kíndìnrín dá dúró lara ń lò, èyí tó jò là ń tọ̀ dànù.) Aṣọ asẹ́ sì wà lọ́jà. Asẹ́ kíndìnrín tó bá ti bàjẹ́, òmíràn kì í hù.

Valsartan ló ní kí ìyá ológì tú ọwọ́ lọ́rùn aṣọ. Iṣan tó ń jáde á fẹ̀, agbára tó wà lójú asẹ́ á rọlẹ̀, ohun tó ń jò á dínkù díẹ̀. Creatinine, tó jẹ́ ìdọ̀tí tó yẹ kó bá ìtọ̀ lọ, á wá pẹ́ díẹ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀, iye rẹ̀ á ga. Garawa kò tètè kún mọ́, asẹ́ sì wà lódindi. Garawa nìkan ni ará ṣọ́ọ̀ṣì ń wò.

Nítorí èyí ni àwọn dókítà fi máa ń gbà kí creatinine fi nǹkan bí 30 nínú 100 lé ní ìbẹ̀rẹ̀, bó bá ṣáà ti dúró síbẹ̀, tí potassium kò sì ga jù. Láti 1.6 sí 1.9 kò tó 20 nínú 100.

Ẹ má sì wá sọ Entresto di oògùn kíndìnrín. Ìwádìí HARP-III tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi í wé irbesartan, ẹlẹgbẹ́ valsartan, lára 414 aláìsàn kíndìnrín fún oṣù 12. Iṣẹ́ kíndìnrín wọn kò yàtọ̀ síra. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti àmì ìnira ọkàn nínú ẹ̀jẹ̀ ló dínkù jù lára àwọn tó lo Entresto. Ibi tí ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ ti kù díẹ̀ káàtó ni pé PARADIGM-HF, tó kó èèyàn tó lé ní 8,000 jọ, kò gba ẹni tí eGFR rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n bí kíndìnrín ṣe ń sẹ́ tó, bá wà lábẹ́ 30. Àwọn tí à ń bẹ̀rù fún jù kò sí níbẹ̀. Hóró tó kéré jù, 24/26 mg (sacubitril 24, valsartan 26), lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ fún wọn, pẹ̀lú ìṣọ́ra.

Ìgbà kan wà tí ẹ̀rù ẹ̀gbọ́n á tọ̀nà: bí iye náà bá fò kọjá 30 nínú 100, tàbí tó ń gùn lọ láìdúró. Ó lè jẹ́ ìgbẹ́ gbuuru tàbí èébì ló gbẹ omi ara. Ó sì lè jẹ́ oògùn ara ríro bí ibuprofen tàbí diclofenac, tó ń fún iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ inú asẹ́ pọ̀, nígbà tí valsartan ti tú èyí tó ń jáde sílẹ̀. Ògì kò wọ asẹ́ tó, ọwọ́ kò sì lọ́ ọ. Kí ló fẹ́ jò? Oògùn ẹ̀yìn ríro tí wọ́n rà ní kẹ́mísì lọ́sẹ̀ yẹn ló yẹ kí ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ béèrè láti Ìbàdàn.