Ọmọ tí wọ́n bí ní Houston, ọmọ tí wọ́n bí ní Ìbàdàn: èwo ló lè jẹ Ààrẹ Amẹ́ríkà?

Ní ìkómọ níbí ní Houston, bí àwọn àgbà bá ti wúre fún ọmọ pé yóò jẹ Ààrẹ Amẹ́ríkà, ẹnìkan á yíjú sí mi: "Lọ́yà, ṣé òfin gbà bẹ́ẹ̀? Green card ṣì ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ń lò o." Òfin gbà á. Orí ọmọ tí wọ́n bí sí Ìbàdàn, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, ni àwa agbẹjọ́rò ti ń jiyàn.

Ìwé òfin Amẹ́ríkà tí wọ́n kọ ní 1787 ní "natural born citizen" (ọmọ bíbí ilẹ̀ náà) ló lè jẹ Ààrẹ, kò sì túmọ̀ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti yá ọ̀rọ̀ yẹn. Níbẹ̀, ẹni tí wọ́n bí sórí ilẹ̀ ọba, ọmọ abẹ́ ọba ni láti ọjọ́ ìbí. William Blackstone, onímọ̀ òfin Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ ní 1765 pé bẹ́ẹ̀ náà ni, bí àwọn òbí tilẹ̀ jẹ́ àlejò. Ọmọ aṣojú orílẹ̀-èdè mìíràn àti ọmọ ọ̀tá tó gbógun wọ̀lú nìkan ni kò sí níbẹ̀. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò, wọn kì í wo ìwé òbí.

Ìbẹ̀rù àjèjì ló mú wọn fi òfin yìí sí ipò Ààrẹ. Ní July 25, 1787, John Jay, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú Amẹ́ríkà nígbà náà, kọ̀wé sí George Washington pé kí wọ́n má fi olórí ọmọ ogun lé ẹni tí kì í ṣe ọmọ bíbí lọ́wọ́. Ti sẹ́nétọ̀ kò le tó bẹ́ẹ̀: ẹni tó ti di ọmọ Amẹ́ríkà fún ọdún 9 lè du ipò náà.

Ọmọ tí wọ́n bí sókè òkun wá ńkọ́? Òfin 1790 pè é ní ọmọ bíbí bí òbí rẹ̀ bá jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, àwọn kan tó kọ ìwé òfin 1787 sì wà nínú ilé aṣòfin yẹn. Ní 1795 wọ́n tún òfin náà kọ, wọ́n yọ ọ̀rọ̀ "natural born" kúrò. Ibẹ̀ ni àwọn alátakò dì mú. Èmi ò rò pé ó tó nǹkan: Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn ti fi òfin ka irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mọ́ ọmọ bíbí tipẹ́. Panama ni wọ́n bí John McCain sí, Calgary ní Kánádà ni wọ́n bí Ted Cruz sí, àwọn olóṣèlú méjèèjì yìí sì du ipò Ààrẹ. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ kò tíì dá ẹjọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ọmọ yín wà n'Ìbàdàn, ohun kan ṣáájú àríyànjiyàn yìí. Bí bàbá nìkan bá jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà, kí ọmọ náà tó lè jẹ́ ọmọ Amẹ́ríkà láti ọjọ́ ìbí, bàbá gbọ́dọ̀ ti gbé níbí fún ọdún 5 kí wọ́n tó bí ọmọ náà, kí ọdún 2 nínú rẹ̀ sì jẹ́ lẹ́yìn tó pé ọmọ ọdún 14. Ẹ wá ìwé ilé-ìwé rẹ̀ àti ti owó orí jáde.