Ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì gbéra: ìbéèrè àwọn òbí àti ìdáhùn

Ọmọ mi ti pé ọdún kan ààbọ̀. Bí ilẹ̀kùn bá ró gbàmù, ó máa ń ta gìrì, ṣùgbọ́n bí mo bá pe orúkọ rẹ̀, kì í dáhùn. Ṣé ó ń gbọ́ràn àbí kò gbọ́?

Ó ṣeé ṣe kí ó máa gbọ́ apá kan kí ó má gbọ́ èkejì. Ìró ilẹ̀kùn tàbí ti ẹ̀rọ ìlọta wúwo débi pé ara pàápàá máa ń mọ̀ ọ́n. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ inú èdè wa náà wà níbi tí ọ̀pọ̀ etí tó ń ṣàìsàn ṣì ti ń gbọ́ nǹkan, ṣùgbọ́n kọ́ńsónáǹtì bíi f, s àti ṣ máa ń dún tín-ín-rín, wọn kò sì lágbára. Ọmọ bẹ́ẹ̀ lè gbọ́ "fọ́", "ṣọ́", "kọ́" àti "tọ́" bí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, bí ẹni tó ń gbọ́ dùndún lókèèrè tí kò mọ ohun tí onílù ń wí. Nítorí náà, àtẹ́wọ́ tí à ń pa lẹ́yìn ọmọ nílé kò tó láti fi dán etí rẹ̀ wò.

Ní ọjọ́ kẹta tí mo bí i ni ojú àti ara rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Títí di òní, ọrùn rẹ̀ kò tíì dúró, ọwọ́ rẹ̀ sì máa ń lọ́ fúnra rẹ̀. Kí ló pa etí pọ̀ mọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀?

Dókítà ló lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀, àmọ́ ibà pọ́njú yẹn lè jẹ́ orísun méjèèjì. Bí ẹ̀jẹ̀ ọmọ tuntun bá ń fọ́ jù, èròjà aláwọ̀ ìyeyè kan tí wọ́n ń pè ní bilirubin yóò pọ̀ ju ohun tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ tí kò tíì gbó lè kó dànù, yóò sì wọ ọpọlọ. Apá ọpọlọ tó ń darí ìrìn ọwọ́ àti ẹsẹ̀, àti iṣan tó ń gbé ìró lọ sí ọpọlọ, wà lára ohun tí ó máa ń bà jẹ́ jù. Ewu rẹ̀ pọ̀ fún ọmọ tí G6PD, èròjà tó ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀ kí ó má baà fọ́, kò tó nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, èyí tó wọ́pọ̀ láàrin wa, pàápàá bí wọ́n bá wọ aṣọ tí wọ́n kó káńfọ̀ sí fún un. Oòrùn àárọ̀ àti omi glúkóòsì kò lè wo èyí tó bá ti le. Iná aláwọ̀ búlúù ilé ìwòsàn, tàbí pípààrọ̀ ẹ̀jẹ̀, ni ó ń dá a dúró. N kò dá ìyá kankan lẹ́bi, nítorí ohun tí àwọn àgbà fi lé e lọ́wọ́ ni ó lò, ṣùgbọ́n ẹni tó bá tún bímọ lọ́la, kí ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ tí ojú rẹ̀ bá pọ́n gan-an.

Wọ́n ti fi ẹ̀rọ yẹ etí rẹ̀ wò, wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe é.

Ẹ béèrè irú àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe. Èyí tí wọ́n ń pè ní OAE máa ń gbọ́ ìró tí inú etí fúnra rẹ̀ ń dá padà, kò sì lè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ kọjá ibẹ̀. Inú etí ọmọ tí ibà pọ́njú bá jà lè pé, síbẹ̀ kí iṣan rẹ̀ máa gbé ìró ségesège lọ sí ọpọlọ. Àyẹ̀wò ABR, tí wọ́n ti ń lẹ wáyà mọ́ orí ọmọ nígbà tó bá ń sùn, ni ó máa ń fi èyí hàn. Lójú tèmi, dandan ni fún irú ọmọ yìí.

Ìbàdàn ni a ń gbé. Ibo ni kí a gbé e lọ?

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ilé ìwòsàn alábọ́dé àdúgbò yín, kí ẹ gba lẹ́tà lọ sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Ìbàdàn, kí lẹ́tà náà sì dárúkọ etí àti ọwọ́-ẹsẹ̀ pa pọ̀. Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ èyí ni pé ẹni tó ń wo etí lè fẹ́ kí ọmọ yíjú sí ibi tí ìró ti wá, nígbà tó jẹ́ pé ọrùn rẹ̀ kò lè yí. Oníṣẹ́ físíò, tó ń kọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ láti gbéra, náà sì lè máa sọ pé "na ọwọ́" fún ọmọ tí kò gbọ́ ọ. Àwọn méjèèjì á wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò lóye, ìpalára ńlá sì ni èyí fún ọmọ tó lóye. Bí oríkèé tàbí egungun bá nílò iṣẹ́ abẹ, ilé ìwòsàn eegun ti Ìgbóbì ní Èkó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà láti ọdún 1945. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ ṣì máa wò ó: ìlànà àgbáyé ni pé kí a ti mọ àìsàn etí kí ọmọ tó pé oṣù 3, kí ìtọ́jú sì ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó pé oṣù 6.

Ṣé ẹ̀rọ ìgbọ́ràn yóò tó?

Ó ń ran àwọn kan lọ́wọ́, àmọ́ tó bá jẹ́ iṣan ìgbọ́ràn ló bà jẹ́, ó lè má wúlò púpọ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ èdè adití pẹ̀lú rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ́ lè lóye ohun tí ẹ fi ọwọ́ sọ, kí ó sì fi ojú yan àwòrán láti dáhùn. Andrew Foster, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú tí òun náà jẹ́ adití, ti dá ilé ẹ̀kọ́ adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn láti ọdún 1960, nítorí náà èdè yìí kì í ṣe àjèjì nílùú yín. Òfin ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara tí ààrẹ Nàìjíríà fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 sì sọ pé ilé ìwòsàn ìjọba gbọ́dọ̀ pèsè ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ fún aláìsàn tí kò lè gbọ́ràn tàbí sọ̀rọ̀. Ẹ béèrè fún un bí ẹ bá ti débẹ̀.