Durban ni wọ́n ti kọ́kọ́ wo ikọ́ ife àti éèdì pọ̀ bó ṣe yẹ

Ẹ bi ọ̀pọ̀ èèyàn léèrè ibi tí wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń wo ikọ́ ife lára ẹni tó ní éèdì, Amẹ́ríkà ni wọ́n máa dárúkọ. Lóòótọ́, Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ kéde éèdì, lóṣù kẹfà ọdún 1981. Àmọ́ kéèyàn kéde àrùn yàtọ̀ sí kó wò ó. Èmi ò kúrò ní Durban, ní Gúúsù Áfíríkà.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo orúkọ. Kí àrùn yìí tó dé làwọn baba wa ti ń sọ pé wọ́n di lágbájá ní éèdì, ìyẹn oògùn tí wọ́n fi ń de èèyàn tí kò fi ní lè ta pútú. AIDS òyìnbó kàn dé ni, ó bá orúkọ nílẹ̀. Ikọ́ ife ńkọ́? Èmi máa ń rò pé fée-fée tí àyà aláìsàn ń dún ló bí i, kì í ṣe ife ìmumi. Síbẹ̀, ife aláìsàn làwọn ará ilé máa ń yà sọ́tọ̀, bẹ́ẹ̀ inú atẹ́gùn ni kòkòrò náà ń gbà ranni.

Oògùn ikọ́ ife ò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé: streptomycin ní 1943, isoniazid ní 1952, rifampicin lẹ́yìn wọn. Ẹni tó bá gbé rifampicin mì, ìtọ̀ rẹ̀ á pọ́n bí omi osùn. Kò sí bá a ṣe fẹ́ ṣe é ká má lò ó, àmọ́ ó ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè fọ́ oògùn éèdì dànù kó tó ṣiṣẹ́. Thiacetazone, oògùn ikọ́ ife olówó pọ́ọ́kú, tún burú jù ú lọ: lọ́dún 1991, àwọn dókítà ní Nairobi kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ń bó àwọn tó ní HIV, kòkòrò tó ń fa éèdì, láwọ, ó sì ń pa lára wọn. Ẹ̀rù ba oníṣègùn. Nígbà tí oògùn éèdì wá dé, ọ̀pọ̀ wọn ní kí aláìsàn fi oṣù mẹ́fà lo ti ikọ́ tán ná. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ò débẹ̀.

Dókítà Salim Abdool Karim àti ikọ̀ rẹ̀ ní CAPRISA, ilé ìwádìí éèdì ní Durban, ni kò gbà bẹ́ẹ̀. Èèyàn 642 tó ní àrùn méjèèjì ni wọ́n kó jọ. Wọ́n pín wọn sọ́nà mẹ́ta: apá méjì ń fi oògùn éèdì kún ti ikọ́, ìkẹta ń dúró kí ti ikọ́ tán. Lọ́dún 2008, àwọn tó ń ṣọ́ iṣẹ́ náà pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má dúró mọ́. Ikú láàárín àwọn tó ń lo oògùn méjèèjì pọ̀ fi ìdá 56 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí tàwọn tó ń dúró! Ọdún 2010 ni ìròyìn rẹ̀ jáde.

Àwọn ará Cambodia náà ṣe tiwọn, wọ́n ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ oògùn éèdì ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ti ikọ́ sàn ju ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lọ. A gbọ́, àmọ́ Durban ti sọ̀rọ̀ ná.

Èyí tó kù, ẹ ti mọ̀ ọ́n: nínú àwọn oògùn éèdì, efavirenz gbòde, dolutegravir gbapò rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lóòjọ́ ni wọ́n ń lo dolutegravir, ó di ẹ̀ẹ̀mejì fún ẹni tó bá ń lo rifampicin.