Ìgò tí eegun ń gbà bí ọmọ ìyá

Ẹni tó bá ti fi ẹsẹ̀ lásán tẹ àfọ́kù ìgò rí mọ̀ pé ìgò kì í ṣe ọ̀rẹ́ ara. Bó bá kù sínú ẹran, ibẹ̀ á wú, á sì gbọyún. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń sọ pé irọ́ ni bí wọ́n bá gbọ́ pé dókítà eyín ń rọ ìgò wẹ́wẹ́ sínú eegun tó ti jẹ lábẹ́ erìgì.

Orúkọ ló ń tàn wá jẹ. Bí ọbẹ̀ ni ìgò rí: ohun tí a kó sínú ìkòkò ló ń sọ irú èyí tó máa jẹ́. Nínú ìgò fèrèsé, sílíkà, ìyẹn èròjà iyanrìn, tó nǹkan bí ìdá 70 nínú 100, kò sì sí ohun tí omi lè fi í ṣe. Ìlẹ̀kẹ̀ tí àwọn baba ńlá wa ṣe ní Igbó Olókun, ní Ilé-Ifẹ̀, lo ju 500 ọdún lọ nínú ilẹ̀, kò yòrò. Alúmínà, ìyẹn èròjà kan tó ní alumíníọ̀mù nínú, pọ̀ nínú tiwọn, alúmínà sì ń jẹ́ kí ìgò le sí omi. Ẹ fi èyí sọ́kàn ná.

Ní 1967, ọ̀gágun Amẹ́ríkà kan tó ń bọ̀ láti ogun Vietnam bá Larry Hench, onímọ̀ ìgò ní Yunifásítì Florida, sọ̀rọ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Ọ̀gágun náà ní ara àwọn ọmọ ogun ń kọ irin àti rọ́bà tí wọ́n ń fi tún wọn ṣe. Ó béèrè pé: ṣé Hench kò lè ṣe nǹkan tí ara máa gbà? Ní 1969, Hench yọ́ ìgò tí sílíkà inú rẹ̀ kò ju ìdá 45 lọ. Sódíọ̀mù, kálísíọ̀mù àti fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ló kún ìyókù. Wọ́n fi í sínú eegun itan eku. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, oníṣẹ́ abẹ wọn fà á títí, kò já. Ó ti lẹ̀ mọ́ eegun.

Àìlágbára ìgò Hench sí omi gan-an ni àṣírí rẹ̀. Omi ara ń yára fa sódíọ̀mù jáde, ojú ìgò náà á rọ̀ bí ẹ̀kọ, kálísíọ̀mù àti fọ́sífétì (fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ló wà nínú rẹ̀) á wá dì lé e lórí, wọn á di irú èròjà tí eegun fúnra rẹ̀ ní. Sẹ́ẹ̀lì eegun kò rí àlejò mọ́. Bí wọ́n bá fi alúmínà díẹ̀ péré kún un, lílẹ̀ yẹn á bàjẹ́. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má gún ìgò ọtí lódó pé òun náà rí oògùn eyín o.

Ní 1985, wọ́n gbà á láàyè ní Amẹ́ríkà láti fi í rọ́pò àwọn eegun kéékèèké inú etí. Ó tún wà nínú àwọn ọṣẹ ìfọyín kan báyìí: ìyẹ̀fun rẹ̀ ń dí ihò tín-ín-tìn-ìn-tín tí omi tútù ń gbà ta wá léyín.

Àmọ́ ìgò ṣì ni, ó ń fọ́. Bí itan bá ṣẹ́, irin ni wọ́n á fi gbé e dúró. Tirẹ̀ ni kó kún ihò tó ṣófo.