Ọ̀já Bonfim: láti ọrùn dé ọrùn-ọwọ́

Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn-ọwọ́ ní Salvador, olú-ìlú Bahia ní Brazil, kò bẹ̀rẹ̀ lọ́rùn-ọwọ́ rárá. Ìwọ̀n ni. Sẹ̀ǹtímítà 47 ni gígùn rẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni apá ọ̀tún ère Jésù tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì Bonfim ṣe gùn. Ọ̀gákọ̀ òkun kan, Teodósio Rodrigues de Faria, ló gbé ère náà wá láti Portugal lọ́dún 1745. Ó wọ ṣọ́ọ̀ṣì orí òkè yẹn lọ́dún 1754.

Lọ́dún 1809 ni Manuel Antônio da Silva Servo, akápò ẹgbẹ́ tó ń tọ́jú ère náà, gbé ọ̀já jáde. Sílíìkì ni nígbà náà. Wọ́n fi ọwọ́ rán ọnà sí i lára, wọ́n sì fi yíǹkì wúrà tàbí fàdákà parí rẹ̀. Ọrùn ni wọ́n ń fi í kọ́. Ẹni tó bá wá san ẹ̀jẹ́ ló ń rà á, pàápàá ẹni tí ara rẹ̀ yá, tó sì fẹ́ dúpẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ó pòórá.

Ìgbà tó padà dé ní àwọn ọdún 1960 ló bọ́ sí ọrùn-ọwọ́. Ẹ̀bẹ̀ wá gba ipò ọpẹ́. Ẹlòmíràn ni kó bá ọ so ó: yí i lẹ́ẹ̀mejì, ta kókó mẹ́ta, béèrè nǹkan kan ní kókó kọ̀ọ̀kan. Má fún un pinpin. Má fi abẹ́ gé e. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò já, ìgbà yẹn ni wọ́n gbà pé ẹ̀bẹ̀ náà yóò ṣẹ.

Àwọn ọmọ Káńdómbílè, ẹ̀sìn òrìṣà àwọn ọmọ Áfíríkà ní Brazil, náà mọ̀ ọ́n. Lójú tiwọn, Òrìṣàńlá ni Olúwa Bonfim, ìyẹn Jésù ṣọ́ọ̀ṣì náà, ìdí nìyẹn tí àwọn obìnrin aláṣọ funfun fi ń fi omi olóòórùn dídùn fọ àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì náà lóṣù January. Wọ́n fi àwọ̀ pín ọ̀já: funfun ti Òrìṣàńlá, ìyeyè ti Ọ̀ṣun, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ti Yemọja. Búlúù dúdú ni wọ́n fún Ògún, èyí tó lè ya ará ilé lẹ́nu.

Polyester ló pọ̀ jù báyìí, ibẹ̀ sì ni ìṣòro wà. Òógùn àti omi máa ń jẹ òwú. Polyester kì í mu omi. Ìwé ara rẹ̀ á ti parẹ́, etí rẹ̀ á ti máa tú, síbẹ̀ kò ní tètè já, ẹni tó sì ń retí ẹ̀bẹ̀ mẹ́ta á ṣì máa dúró.