Ìmójúkúrò ni, kì í ṣe sùúrù

Ẹ bá mi bẹ àwọn tó ń pe delay of gratification, ìyẹn fífi ohun tó wà nílẹ̀ sílẹ̀ torí èyí tó dáa jù ń bọ̀, ní "ìdádúró ìgbádùn" lédè Yorùbá, kí wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé wọ́n sún ọjọ́ ìgbéyàwó síwájú ni. Àwọn kan tilẹ̀ ń pè é ní "sẹ́fù-kọ́ńtíróòlù" (self-control), wọ́n á sì máa bá ọ̀rọ̀ lọ bí ẹni pé wọ́n ti ṣàlàyé.

Èyí tó ń ṣini lọ́nà jù ni "sùúrù". Erè lè ká jọ sójú kan títí ẹran yóò fi kọjá. Kí ló fi sílẹ̀? Kò sí nǹkan kan níwájú rẹ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé oúnjẹ wà nílẹ̀, ẹranko lè jẹ ẹ́ báyìí, ó sì fi í sílẹ̀ torí èyí tó dáa jù ń bọ̀. "Ìkóra-ẹni-níjàánu" sún mọ́ ọn, n kò bá a jà, ṣùgbọ́n àwọn oníwàásù ti kó ìbínú, ọtí àti àgbèrè sínú rẹ̀.

Ìmójúkúrò ni tèmi. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àforíjì nìyẹn. Kí ló burú níbẹ̀? Ohun téèyàn rí náà ló ń mójú kúrò lára rẹ̀. Ẹ wo àgbẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kórè àgbàdo, tí alájàpá dúró tì í lóko, tó ń ka owó lójú rẹ̀. Ó nílò owó yẹn, ṣùgbọ́n ó mọ iye tí àgbàdo ń dà nígbà ọ̀wọ́n. Ó ní òun ò tà.

Ìdánwò tó gbè mí lẹ́yìn jù ni ti Alexandra Schnell, onímọ̀ nípa ìwà ẹranko, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Marine Biological Laboratory, Woods Hole, ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2021. Cuttlefish mẹ́fà ni wọ́n lò, ẹran òkun tó ń pàwọ̀ dà, ìbátan octopus. Àpótí méjì tó mọ́ gaara wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn: ẹran edé ńlá nínú èyí tó ń ṣí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, edé ààyè, ààyò rẹ̀, nínú èyí tí kì í tètè ṣí. Tó bá ti lọ sídìí ọ̀kan, wọ́n á gbé èkejì kúrò. Àwọn cuttlefish náà dúró, láti ìṣẹ́jú àáyá 50 dé 130. Àwọn kan tilẹ̀ yí ara kúrò lọ́dọ̀ èyí tó wà ní ṣíṣí. Ojú gan-an ni wọ́n mú kúrò, ẹ jọ̀ọ́! Àmì wà lára ilẹ̀kùn àpótí kọ̀ọ̀kan tó ń jẹ́ kí wọ́n mọ bó ṣe ń ṣí; bó bá sì jẹ́ àmì èyí tí kì í ṣí rárá ló wà lára àpótí edé ààyè, wọn kì í dúró. Wọ́n á jẹ èyí tó wà nílẹ̀. Sùúrù lásán ò lè ṣe ìyẹn.

(Nínú ìdánwò kan tó jáde ní 2007, àwọn chimpanzee, irú ìnàkí kan, ní Leipzig ní Jámánì, náà dúró ju akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lọ, nígbà tó jẹ́ oúnjẹ ni wọ́n fi dán wọn wò. N kò sọ nǹkan kan.)

Àwọn onímọ̀ rò pé bí ẹranko ṣe ń wá oúnjẹ ló fa ìyàtọ̀ láàárín èyí tó ń dúró pẹ́ àti èyí tí kì í dúró pẹ́. Marmoset àti tamarin, ọ̀bọ kéékèèké méjì, jọ ara wọn gan-an, síbẹ̀ marmoset ló ń dúró pẹ́ jù. Ó máa ń gé èèpo igi, á dúró de oje kó ṣàn. Tamarin ń lé kòkòrò, kòkòrò ò sì ní dúró dè é. Ní ti cuttlefish, Schnell rò pé ìfarapamọ́ ló kọ́ ọ: gbogbo ìgbà tó bá jáde wá oúnjẹ ni ọ̀tá lè rí i, nítorí náà èyí tó dáa ló yẹ kó torí rẹ̀ jáde.