Ọ̀pá ìyáná ni, kì í ṣe ìṣáná

Ẹni tó kọ́kọ́ pe glow plug, irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbóná nínú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kó lè dìde nínú òtútù, ní “ìṣáná dísẹ́ẹ̀lì” ló dá gbọ́nmi-si-omi-ò-to sílẹ̀ lórí orúkọ tó yẹ ká máa fi Yorùbá pè é. Orúkọ náà dùn lẹ́nu, ó sì tètè ràn, àmọ́ irọ́ ni. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kò fẹ́ ìṣáná. Ohun tó sọ Rudolf Diesel di olókìkí nìyẹn nígbà tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣiṣẹ́ ní Augsburg, ní Jámánì, lọ́dún 1897: kò sí ohun tó ń ta iná sí epo, afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún pọ̀ ló ń gbóná títí epo fi ń gbiná fúnra rẹ̀.

Àwọn kan tún gbé “púlọ́ọ̀gì atànmọ́lẹ̀” dé. Wọ́n ṣí ìwé atúmọ̀, wọ́n rí “tàn”, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ púlọ́ọ̀gì, ó parí. Ta ló wà nínú sìlíńdà, ihò inú ẹ́ńjìnnì tí epo ti ń jó, tó ń fẹ́ ìmọ́lẹ̀? Púlọ́ọ̀gì gan-an ń ṣini lọ́nà, torí bí ẹ bá dárúkọ rẹ̀ nísọ̀ mẹkáníìkì, ti ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù ló ń sọ sí wọn lọ́kàn, èyí tí kì í sinmi iná títa níwọ̀n ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí. Àwọn mẹkáníìkì wa ní tiwọn ń pè é ní hítà púlọ́ọ̀gì. N kò bá wọn jà. Bí ẹ bá ń lọ rà á, ẹ pè é bẹ́ẹ̀ kí wọ́n má bàa ta nǹkan mìíràn fún yín. Àmọ́ bí a bá ń kọ̀wé kí èèyàn lè lóye, ọ̀pá ìyáná ni tèmi.

Ọ̀pá, torí irin tẹ́ẹ́rẹ́ ni. Ìyáná, torí ohun tí ẹni tí òtútù ń mú ń ṣe ni yíyáná: iná yẹn kì í sè é, kì í jó o, ó kàn ń mú un kúrò nínú gbígbọ̀n ni. Arákùnrin kan bá mi jiyàn pé ohun ẹlẹ́mìí nìkan ló ń yáná. Mo bi í pé kí ni bátìrì rẹ̀ ṣe lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní ó kú. Bí bátìrì tí kò wà láàyè rí bá lè kú, afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà náà lè yáná. Ẹlòmíràn ní kí á pè é ní “amúgbóná”. Amúgbóná wo? Èyí tó ń mú ilé gbóná, àbí èyí tó ń mú omi gbóná? Ọ̀rọ̀ tó bá gba gbogbo nǹkan kò tọ́ka sí nǹkan kan.

Ẹni tó bá ti fi pọ́ǹpù ọwọ́ fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ìdí pọ́ǹpù a máa gbóná. Nínú dísẹ́ẹ̀lì, písítìnnì, irin tó ń lọ sókè-sódò nínú sìlíńdà, á fún afẹ́fẹ́ sínú àyè tó kéré jọjọ, ooru rẹ̀ á kọjá 500°C, nọ́súlù á wá fọ́n epo sí i, bẹ́ẹ̀ epo náà kò fẹ́ ju bíi 250°C lọ kó tó gbiná. Àmọ́ bí ọkọ̀ bá sùn síta nínú òtútù, irin ẹ́ńjìnnì á fa ooru yẹn mu. Ọ́ìlì ti ki, sítáàtà ń rọra yí, afẹ́fẹ́ ń ráyè jò gba ẹ̀gbẹ́ ríìngì, òrùka irin tó yí písítìnnì ká. Ooru ò wá pé.

Alákàrà mọ ọ̀rọ̀ yìí ju ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì lọ. Bó bá da ẹ̀wà lílọ̀ sínú òróró tí kò tíì kaná, kò ní dín. Á rì, á tú, á mu òróró yó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni dísẹ́ẹ̀lì tó bọ́ sínú afẹ́fẹ́ tí kò gbóná tó: díẹ̀ á lẹ̀ mọ́ irin, ìyókù á gba sàlẹ́ńsà jáde ní èéfín funfun tó ń ta ni lójú. Lọ́pọ̀ ìgbà tí ẹ bá rí èéfín yẹn láàárọ̀ òtútù, epo tí kò jó ni, kì í ṣe pé ẹ́ńjìnnì ti bàjẹ́. Iṣẹ́ ọ̀pá ìyáná ni pé kó ti ki orí bọ inú sìlíńdà ṣáájú, kí orí náà ti pọ́n tó 850°C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí epo tó dé.  

Ọkọ̀ tó ń tan àwọn èèyàn jẹ jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Ford F-250 tó ní ẹ́ńjìnnì 7.3 Power Stroke, èyí tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà láti 1994 sí 2003. Sìlíńdà mẹ́jọ, ọ̀pá mẹ́jọ. Bí ẹ bá yí kọ́kọ́rọ́, iná kan á tàn ní dáṣíbọ́ọ̀dù pé kí ẹ dúró. Kò pẹ́, á kú, ẹni tó ń kánjú á sì ta sítáàtà lójú ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà wà, torí iná dáṣíbọ́ọ̀dù àti iná ọ̀pá kì í ṣe ọ̀kan náà. Ti dáṣíbọ́ọ̀dù kì í ju ìṣẹ́jú àáyá 1 sí 10 lọ. Àwọn ọ̀pá fúnra wọn lè wà lẹ́nu iṣẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 120, kódà lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti dìde, kí èéfín àti ariwo gbà-gbà-gbà àárọ̀ lè dín kù. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló ń pinnu, bí ọ́ìlì bá sì ṣe tutù tó ni yóò ṣe pẹ́ tó. Bí ọ́ìlì bá ti kọjá 55°C, kò ní fún wọn níná rárá. Nítorí náà, bí ẹ́ńjìnnì gbígbóná bá kọ̀ tí kò dìde, ẹ má wulẹ̀ tú ọ̀pá kankan.

Ẹni tó wà ní Chicago láàárín oṣù kìíní, kó jẹ́ kí iná dáṣíbọ́ọ̀dù kú tán, kó sì fara balẹ̀ ka ogún tàbí ọgbọ̀n kó tó ta sítáàtà. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti ń dún, tí iná iwájú ọkọ̀ ṣàdédé mọ́lẹ̀ sí i, ẹ má bẹ̀rù. Àwọn ọ̀pá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ simi. Lápapọ̀ wọ́n ń fa ju 100 áńpù lọ, ìdí sì nìyẹn tí bátìrì méjì tó ti rẹ̀ fi lè mú wọn gbóná tán kó má lè yí sítáàtà mọ́.

Ríléè, ìyẹn súwíìṣì tó ń fún àwọn ọ̀pá náà níná, wà lórí ẹ́ńjìnnì. Bó bá ti dún “tá”, rẹwáyà á ní ó ń ṣiṣẹ́. Ta ló ń fi etí wọn iná? Inú rẹ̀ lè ti jó kó sì máa dún bíi tàná. Mítà ni kí ẹ gbé sí ojú méjèèjì tó tóbi: bí 12 fóòtì (volt) bá wọlé tó jẹ́ 5 ló ń jáde, ríléè ti lọ. Bí ríléè bá dára, ẹ wo wáyà tó gba abẹ́ ìdérí fáàfù, torí ojú rẹ̀ a máa jó. Ẹ̀yìn ìyẹn lẹ tó ń wọn ọ̀pá kọ̀ọ̀kan, láti orí rẹ̀ sí irin ẹ́ńjìnnì. Ìdènà iná rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 2 óòmù (ohm) lọ. Èyí tí mítà kò bá rí ọ̀nà gbà kọjá ti kú. Ní Èkó, mẹ́rin lè kú nínú mẹ́jọ kí onímọ́tò má mọ̀, torí òwúrọ̀ ibẹ̀ kì í sábà tutù ju 20°C lọ.

Àṣìpè yìí a máa bani lẹ́ńjìnnì jẹ́. Ẹni tó bá gbà pé ìṣáná ni, bó bá gbọ́ pé ó kú, á wá nǹkan mìíràn tó ń dáná: agolo éétà (ether), nǹkan olómi tó tètè ń gbiná, ni yóò fọ́n sẹ́nu ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Éétà kò fẹ́ tó 200°C kó tó gbiná. Bí ọ̀pá kan ṣoṣo bá ṣì wà láàyè tó pọ́n, éétà á bú kí písítìnnì tó gòkè dé ibi tó yẹ, ríìngì á fọ́, písítìnnì pàápàá lè fọ́. Ọkọ̀ Dodge Ram tó ní ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì Cummins 5.9 kò ní ọ̀pá ìyáná, àmọ́ ó ní irin tó ń gbóná lẹ́nu ọ̀nà afẹ́fẹ́. Éétà lè bú lójú ibẹ̀ náà.

Bí òtútù bá le jù, ẹ wá wáyà hítà bílọ́ọ̀kù, ohun tó ń mú irin ẹ́ńjìnnì gbóná, níwájú ọkọ̀, kí ẹ sì fi sí iná ilé fún wákàtí bíi mẹ́ta. Mo ti gbọ́ pé àwọn kan ti ń pe ìyẹn náà ní ìyáná. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀. Ẹ wá orúkọ mìíràn fún un.